Bí Olólùfẹ́ Fíìmù Ṣe Lè Wo Apá Kejì, Àtúnṣe àti Fíìmù Inú Ìwé Láìfi Ìbànújẹ́ Parí Rẹ̀

Ọdún mẹ́fà ni mo fi retí apá kejì fíìmù kan tí mo fẹ́ràn gan-an. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré inú apá kìíní sórí. Mo mọ ibi tí orin ti máa ń lọ sílẹ̀ kí obìnrin inú rẹ̀ tó ṣí ilẹ̀kùn, mo sì mọ bí ó ṣe máa ń mí kanlẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí apá kejì dé, obìnrin náà tún dúró níwájú irú ilẹ̀kùn kan náà, orin kan náà tún lọ sílẹ̀, ó tún mí kanlẹ̀, àmọ́ kò sí ohunkóhun lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà tí n kò tíì rí rí. Mo jókòó títí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ fi kọjá tán lójú àwòrán, inú mi sì bàjẹ́ bíi ti ẹni tí wọ́n bá dá àdéhùn tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ọ̀nà tí ẹni tó fẹ́ràn fíìmù lè gbà wo irú iṣẹ́ báyìí, nítorí a kò lè sá fún wọn. Púpọ̀ nínú fíìmù ńláńlá tó ń jáde lọ́dọọdún ló jẹ́ ìtẹ̀síwájú tàbí àtúnsọ ohun tí a ti mọ̀. Ohun tí mo rí ni pé ìjákulẹ̀ wa ní orísun méjì. Nígbà mìíràn, fíìmù náà ló jẹ̀bi. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àwa la ní kí fíìmù tuntun dá ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wo ti àtijọ́ padà fún wa, kò sì sí fíìmù kan láyé yìí tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò máa bínú sí iṣẹ́ tó dára, yóò sì máa ṣe àwáwí fún èyí tí wọn kò fi ọkàn ṣe. Bí a ṣe lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kí a tó wò ó, nígbà tí a bá ń wò ó àti lẹ́yìn tí a bá wò ó tán, ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ẹ fẹ́ wò

Apá kejì ń bá ìtàn lọ síwájú. Àtúnṣe ń sọ ìtàn tí fíìmù mìíràn ti sọ rí. Fíìmù inú ìwé ń gbé ìtàn kúrò nínú ọ̀rọ̀ wá sínú àwòrán. Ìbéèrè tó tọ́ sí ọ̀kan kò tọ́ sí èkejì. Ẹ bi apá kejì pé kí ló kù láti sọ. Ẹ bi àtúnṣe pé kí ló dé tí wọ́n fi tún un sọ nísinsìnyí. Ẹ bi fíìmù inú ìwé pé kí ló mú nínú ìwé, kí ló fi sílẹ̀, kí sì nìdí.

Ó dà bí ohun tó rọrùn, ṣùgbọ́n àṣìṣe pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ka The Thing tí John Carpenter ṣe ní ọdún 1982 sí àtúnṣe fíìmù kan tó jáde ní ọdún 1951, wọ́n sì ń bínú pé ó yàtọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀, inú ìtàn kan náà tí John W. Campbell kọ ní ọdún 1938 ni fíìmù méjèèjì ti jáde, ti ọdún 1982 ló sì sún mọ́ ìtàn náà jù, nítorí ẹ̀dá abàmì tó ń gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ ẹni tí òun lè fọkàn tán wà nínú ìtàn Campbell, kò sì sí nínú fíìmù ti 1951. Ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n àtúnṣe wọ̀n ọ́n yóò pe òótọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀.

Apá kejì: ẹ ṣírò gbèsè tí apá kìíní jẹ

Kí ẹ tó wo apá kejì, ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ sì kọ ohun tí apá kìíní jẹ yín ní gbèsè sílẹ̀. N kò sọ pé kí ẹ kọ ohun tó wù yín láti rí. Gbèsè ni mo wí, ìyẹn ìlérí tí ìtàn fúnra rẹ̀ ṣe tí kò tíì mú ṣẹ.

The Godfather tó jáde ní ọdún 1972 parí pẹ̀lú ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ìyàwó Michael lójú níbi tó ti ń wo ọkọ rẹ̀ láti ìta yàrá. Michael, ọmọ olórí ẹgbẹ́ ọ̀daràn, ti jókòó sórí àga bàbá rẹ̀. Kí ni àga náà yóò sọ ọ́ dà? Báwo sì ni bàbá fúnra rẹ̀ ṣe dé orí àga ọ̀hún? Gbèsè méjì rèé, méjèèjì ni apá kejì tó jáde ní ọdún 1974 san, tí ó ń gbé ìgbà èwe bàbá àti ìgbà agbára ọmọ lé ara wọn lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ni apá kejì àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar gẹ́gẹ́ bí fíìmù tó dára jù lọ lọ́dún. Ẹ wá wo Jaws ti ọdún 1975. Ẹja ńlá tó ń pa ènìyàn ti kú, àwọn ọkùnrin méjì tó ṣẹ́kù ń lúwẹ̀ẹ́ padà sí èbúté, fíìmù sì parí. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Síbẹ̀, mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e, ní ọdún 1978, 1983 àti 1987, Steven Spielberg tó darí èyí àkọ́kọ́ kò sì darí ọ̀kankan nínú wọn. Ẹni tó bá ti ṣe ìṣírò yìí kò ní gbé ìrètí ńlá lọ síbẹ̀. Bí ó bá rí ìgbádùn díẹ̀, èrè ni.

Lẹ́yìn tí ọ̀ràn ti bọ́ ni mo ṣe ìṣírò yìí fún fíìmù tí mo fi ọdún mẹ́fà retí. Mo jókòó, mo di kálàmù mú, mo wo apá kìíní láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò sì rí nǹkan kan kọ. Ìtàn náà ti san gbogbo gbèsè rẹ̀ kí obìnrin yẹn tó ti ilẹ̀kùn. Ìfẹ́ mi nìkan ló ń fẹ́ kí ó máa bá a lọ.

Ohun kejì tí ẹ ní láti wò ni bóyá wọ́n ti yí ìrísí ìtàn padà. Ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù, ẹni tó bá sì ti rí ẹ̀dá abàmì lẹ́ẹ̀kan kò ní bẹ̀rù rẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́ mọ́. James Cameron mọ èyí nígbà tó ṣe Aliens ní ọdún 1986. Ridley Scott ti fi Alien ti ọdún 1979 dẹ́rù bani tán: ènìyàn méje nínú ọkọ̀ òfurufú kan, ẹ̀dá kan ṣoṣo nínú òkùnkùn. Cameron kò du ẹ̀rù yẹn mọ́. Ó sọ tirẹ̀ di fíìmù ogun, ó kó àwọn ọmọ ogun wọlé, ó sọ ẹ̀dá kan di ọ̀pọ̀, ó sì jẹ́ kí Ripley, obìnrin tó yè bọ́ nínú Alien, bá àwọn ènìyàn tí kò gba ohun tó rí gbọ́ pàdé. Ohun kan náà ló ṣe sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ láàárín ọdún 1984 àti 1991, nígbà tó sọ ẹ̀rọ apànìyàn inú Terminator di ẹni tó ń dáàbò bo ọmọdé kan. Ní ti èyí, ìpolówó fíìmù máa ń tú àṣírí. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ìran tí a ti mọ̀ ni wọ́n ń fi hàn, tí wọ́n kàn sọ wọ́n di ńlá, kí iná púpọ̀ sí i jó, kí ilé púpọ̀ sí i wó, ẹ dín ìrètí yín kù. Bí wọ́n bá fi ẹ̀dá ìtàn tí ẹ mọ̀ hàn níbi tí apá kìíní kò mú un dé rí, ẹ lè fọkàn balẹ̀ díẹ̀.

Ẹ tún ka orúkọ àwọn tó kọ ọ́ àti ẹni tó darí rẹ̀, kì í ṣe ti àwọn òṣèré nìkan. Owó ló ń mú kí wọ́n ṣe púpọ̀ nínú àwọn apá kejì, nítorí orúkọ tí ayé ti mọ̀ kò nílò àlàyé nígbà ìpolówó. Nígbà mìíràn, àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ ìtàn ló ń lé wọn: ilé-iṣẹ́ tó ra ẹ̀tọ́ gbọ́dọ̀ ya fíìmù kí àkókò tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀tọ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi owó kékeré ya fíìmù kan lórí ìtàn Fantastic Four ní nǹkan bí ọdún 1993, tí wọn kò sì gbé e jáde fún aráyé títí dòní. Kò burú kí a mọ ohun tó bí ọmọ kí a tó bínú sí ìwà rẹ̀.

Àtúnṣe: ẹ jẹ́ kí àyè wà láàárín ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì

Àṣìṣe tí mo rí jù lọ lọ́dọ̀ àwa tí a fẹ́ràn fíìmù ni pé, bí a bá ti gbọ́ pé àtúnṣe fẹ́ jáde, a ó tètè lọ wo ti àkọ́kọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é, ojú yín kò ní wo fíìmù mọ́, ìwé ìṣirò ni yóò máa kà: wọ́n yọ èyí, wọ́n fi tọ̀hún kún un, aṣọ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oṣù bíi mẹ́ta kọjá, kí ohun tó kù nínú ọkàn yín jẹ́ kìkì ohun tó wọ̀ yín lára. Lẹ́yìn tí ẹ bá wo àtúnṣe náà tán ni kí ẹ padà sí ti àkọ́kọ́ bí ó bá wù yín.

Èmi fúnra mi ti rú òfin yìí lẹ́ẹ̀kan, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ rú u ni, nítorí Psycho. Alfred Hitchcock ṣe é ní ọdún 1960. Gus Van Sant tún un ṣe ní ọdún 1998, ó lo ìwé eré kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé ìṣísẹ̀ kámẹ́rà ti àkọ́kọ́ ní ìran kan sí òmíràn, orin tí Bernard Herrmann kọ ló sì tún lò. Mo gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ti Van Sant ní ọwọ́ ọ̀tún, mo bẹ̀rẹ̀ wọn pọ̀. Obìnrin ń wa ọkọ̀ nínú òjò níbí, obìnrin ń wa ọkọ̀ nínú òjò lọ́hùn-ún. Ó wọ ilé ìwẹ̀, ó fa aṣọ títa, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ohun gbogbo wà níbẹ̀, àyà mi kò sì já rárá ní ọwọ́ ọ̀tún. Mo ronú lé e títí ó fi yé mi: ní ọdún 1960, gbajúmọ̀ òṣèré ni Janet Leigh, òǹwòran sì gbà pé òun ni yóò gbé ìtàn dé òpin, ó kú kí fíìmù tó dé ìdajì. Hitchcock tilẹ̀ ní kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé lẹ́yìn tí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀, kí àṣírí má baà tú. Ní ọdún 1998, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Van Sant rí àwòrán náà dà kọ pátápátá, ṣùgbọ́n àìmọ̀ òǹwòran kò ṣeé dà kọ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Nítorí náà, àtúnṣe tó bá ń bẹ̀rù láti yàtọ̀ ni kí ẹ fura sí. Akira Kurosawa ṣe Seven Samurai ní Japan ní ọdún 1954, iṣẹ́ tó ju wákàtí mẹ́ta lọ, lórí àwọn àgbẹ̀ tó gba jagunjagun méje kí wọ́n lè lé àwọn ọlọ́ṣà lọ. Ní ọdún 1960, John Sturges gbé e lọ sí abúlé kan ní Mexico, ó fi ìbọn rọ́pò idà, ó pe tirẹ̀ ní The Magnificent Seven, ẹni tó bá sì wo méjèèjì yóò rí i pé ìtàn náà fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ méjèèjì. Sergio Leone ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sí Yojimbo, fíìmù mìíràn tí Kurosawa ṣe ní ọdún 1961, nígbà tó ṣe A Fistful of Dollars ní ọdún 1964, ṣùgbọ́n kò gba àṣẹ. Àwọn tó ni Yojimbo pe ẹjọ́, wọ́n sì gba owó. Ìwà yẹn kò dára, síbẹ̀ n kò lè sọ pé fíìmù Leone kò dára.

Ẹ má sì rò pé ọwọ́ tó ṣe ti àkọ́kọ́ yóò dáàbò bo ìkejì. George Sluizer ṣe fíìmù kan ní Netherlands ní ọdún 1988, lórí ọkùnrin tí olólùfẹ́ rẹ̀ pòórá níbi tí wọ́n ti dúró ra epo ọkọ̀. Òun náà ni wọ́n pè kí ó tún un ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1993 pẹ̀lú orúkọ The Vanishing. Wọ́n yí òpin rẹ̀ padà. N kò ní sọ bí ti àkọ́kọ́ ṣe parí, nítorí orí òpin yẹn ni gbogbo ilé náà dúró lé. Ẹ wo ti 1988 kí ẹ tó wo ti 1993, ẹ ó sì mọ̀ pé inú ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìparí nìkan ni wọ́n ti lè pa ìtàn odidi.

Ìdí kan wà tí kò fi yẹ kí a kọ gbogbo àtúnṣe sílẹ̀ láìwò: The Maltese Falcon tí gbogbo ayé mọ̀, èyí tí John Huston darí ní ọdún 1941, ni ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n ń fi ìwé Dashiell Hammett kan náà ṣe fíìmù láàárín ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá ní ó tó gẹ́ẹ́ lẹ́yìn ìkejì ì bá pàdánù rẹ̀.

Fíìmù inú ìwé

Ibí ni ìbínú ti ń pọ̀ jù, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó ka ìwé ti ya fíìmù tirẹ̀ nínú ọkàn. Ó ti yan ojú fún ẹ̀dá ìtàn, ó ti mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń dún. Òṣèré tó bá dé yóò bá ẹlòmíràn lórí ìjókòó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Àwọn tó ń kọ eré gbà pé ojú ewé kan nínú ìwé eré tó nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lójú àwòrán. Fíìmù wákàtí méjì kò lè gbà ju ọgọ́fà ojú ewé lọ, ojú ewé eré sì fẹ́lẹ́ gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ewé ìtàn àròsọ. Ìwé olójú ewé irínwó kò lè wọ inú rẹ̀ láìgé. Ẹnì kan ti gbìyànjú rí. Erich von Stroheim mú McTeague, ìwé tí Frank Norris tẹ̀ jáde ní ọdún 1899, ó sì pinnu láti ya gbogbo rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ gé jọ tó nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gé e títí ó fi kù ní wákàtí méjì lé díẹ̀, wọ́n gbé e jáde ní ọdún 1924 pẹ̀lú orúkọ Greed, èyí tí wọ́n gé kúrò sì ti ṣègbé. Ó ń dùn mí títí di òní pé a kò lè rí i. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ẹnì kan bá ní ó yẹ kí wọ́n fi gbogbo ìwé sínú fíìmù, wákàtí mẹ́jọ yẹn ni mo máa ń rántí.

Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. The Hobbit, ìwé kan ṣoṣo tí J. R. R. Tolkien kọ fún àwọn ọmọdé ní ọdún 1937, di fíìmù mẹ́ta ní ọdún 2012, 2013 àti 2014, àpapọ̀ wọn sì sún mọ́ wákàtí mẹ́jọ bákan náà. Níbẹ̀, wọn kò gé nǹkan. Wọ́n ń fi nǹkan kún un ni, wọ́n fi ogun kún ogun, wọ́n fi ìfẹ́ síbi tí òǹkọ̀wé kò fi sí. Peter Jackson kan náà ló ti fi ìwé ńlá mẹ́ta ti The Lord of the Rings ṣe fíìmù mẹ́ta láti ọdún 2001 sí 2003, tí ìkẹta gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar mọ́kànlá. Olùdarí kan náà ni, òǹkọ̀wé kan náà ni. Ìwọ̀n ìwé sí wákàtí ló yàtọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ìwé ìwọlé, ẹ wo iye ojú ewé ìwé náà àti iye wákàtí fíìmù. Ìwé tó tóbi nínú fíìmù kúkúrú yóò sáré. Ìwé kékeré nínú fíìmù gígùn yóò máa rìn lójú kan.

Ohun tí mo ń ṣe nísinsìnyí, tó sì ti gbà mí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìbínú, rèé. Bí mo bá ti ka ìwé náà rí, n kò ní ṣí i kí n tó wo fíìmù. Mo máa kọ ohun mẹ́ta péré tí mo rántí nínú rẹ̀ láìwo ibì kankan. Lẹ́ẹ̀kan, ohun tí mo kọ ni òórùn yàrá kan, ọ̀rọ̀ kan tí ìyá sọ fún ọmọ, àti ẹ̀rù tó bà mí nígbà tí lẹ́tà kan kò dé. Mo ti gbàgbé orúkọ ìlú, mo ti gbàgbé àbúrò ọkọ àti ẹjọ́ ilẹ̀ tó gba ìdá kẹta ìwé. Nígbà tí mo dé ìdí fíìmù, ẹjọ́ ilẹ̀ kò sí níbẹ̀, ó sì yẹ kí inú bí mi bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán. Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà wà níbẹ̀. Kámẹ́rà dúró lórí tábìlì tó ṣófo láàárọ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ léra, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀. Egungun ìwé náà ni wọ́n gbé wá fún mi, tìdùnnú-tìdùnnú ni mo sì fi gbà á. Ohun mẹ́ta yẹn ni kí ẹ fi wọn fíìmù. Bí méjì bá wà níbẹ̀, ó ti ṣe dáadáa.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìwé lè wọ inú ọkàn ènìyàn kí ó sì sọ ohun tó ń rò, ṣùgbọ́n ojú àti ìṣe nìkan ni kámẹ́rà ń rí. Olùdarí tó bá gbọ́n yóò wá ìṣe tó lè rọ́pò èrò. Èyí ni ó máa ń fa àyípadà tó dà bí ìwà àfojúdi lójú òǹkàwé. Kódà òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ lè má gbà á. Stephen King kọ The Shining ní ọdún 1977. Stanley Kubrick fi ṣe fíìmù ní ọdún 1980. King kò fẹ́ràn rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní gbangba, títí tó fi kọ eré tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ lórí ìtàn kan náà ní ọdún 1997. Nínú ìwé, iná ló jó ilé ìtura náà run; nínú fíìmù, yìnyín ló pa bàbá. Mo gbà pé King lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, nítorí bàbá inú ìwé rẹ̀ ń bá ibi jà nínú ara rẹ̀, ti Kubrick sì ti sọnù láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sì gbà pé fíìmù náà jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Èrò méjèèjì lè jókòó pọ̀ nínú ọkàn kan, kò sì sí ìjà láàárín wọn.

Nígbà tí ẹ bá ń wò ó, àti lẹ́yìn rẹ̀

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ wò ó pẹ̀lú ẹni tí kò mọ ti àkọ́kọ́, kí ẹ má sì ṣàlàyé ohunkóhun fún un. Ibi tó bá ti rẹ́rìn-ín, ibi tó bá ti béèrè ọ̀rọ̀, ibi tó bá ti sùn, yóò sọ fún yín bóyá fíìmù náà dá dúró tàbí ó kàn ń fara ti ìrántí yín. Ẹ fún fíìmù náà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó ṣèdájọ́ kankan.

Lẹ́yìn náà, bí inú yín bá bàjẹ́, ẹ má kọ nǹkan kan nípa rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ tún un wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1982, The Thing tí mo mẹ́nu bà lókè àti Blade Runner, tí òun náà jáde láti inú ìwé kan, bọ́ sójú agbo ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ kan náà. Owó kò wọlé bí wọ́n ti retí, àwọn alámèyítọ́ púpọ̀ sì bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Lónìí, àwọn méjèèjì wà lára iṣẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ fíìmù bọ̀wọ̀ fún jù. Ojú ìgbà àkọ́kọ́ kì í sábà rí ohun tó wà níbẹ̀; ohun tí kò sí níbẹ̀ ló ń wá.

Bí ó bá sì jẹ́ pé lẹ́yìn wíwò ẹlẹ́ẹ̀kejì, fíìmù náà kò dára síbẹ̀, ẹ sọ ọ́ láìfòyà, nítorí àwọn tó ń ṣe fíìmù kò gbọ́dọ̀ rò pé orúkọ nìkan tó fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ náà. “Wọ́n bà á jẹ́” kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ẹ dárúkọ ìran kan, ẹ sọ ohun tí ìran náà yẹ kó ṣe, ẹ sọ ohun tó ṣe. Ẹ má sì fi ìbínú yín ṣe òṣèré tó gba ipò ẹlòmíràn. Kì í ṣe òun ló kọ eré náà, ọ̀pọ̀ wọn ni èébú olólùfẹ́ fíìmù ti kó ìrora bá láìṣẹ̀ láìrò.

Àwọn ènìyàn máa ń tù wá nínú pé ti àkọ́kọ́ ṣì wà, pé kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ wa. Òótọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ kì í ṣe ìgbà gbogbo. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ fíìmù MGM fẹ́ ṣe Dr. Jekyll and Mr. Hyde ti ọdún 1941, wọ́n ra ẹ̀tọ́ fíìmù tí ilé-iṣẹ́ mìíràn, Paramount, ti ṣe lórí ìtàn náà ní ọdún 1931, èyí tí Fredric March gba Oscar nítorí rẹ̀, wọ́n sì kó o pamọ́ kúrò lójú ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún. George Lucas yí Star Wars ti ọdún 1977 padà nígbà tó tún un gbé jáde ní ọdún 1997, láti ìgbà náà ni ó sì ti ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti rí i bí ó ti rí nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Fíìmù tí ẹ bá fẹ́ràn tọkàntọkàn, ẹ wá ẹ̀dà tiyín sórí díìsì, kí ẹ má fi í sílẹ̀ fún íntánẹ́ẹ̀tì nìkan, níbi tí wọ́n ti lè yọ ọ́ tàbí pààrọ̀ rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ọdún ìjáde rẹ̀ àti iye ìṣẹ́jú rẹ̀ sẹ́yìn páálí rẹ̀, nítorí iye ìṣẹ́jú ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ fún yín bí ẹlòmíràn bá fún yín ní ẹ̀dà tí wọ́n ti gé tàbí tí wọ́n ti fi nǹkan kún. Ti fíìmù onílẹ̀kùn yẹn wà lórí pẹpẹ mi, apá kìíní nìkan.